Ohun Tí À Ń Fà Gbọ́dọ̀ Ní Bíréèkì Tirẹ̀

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn mẹkáníìkì, rewáyà àti awakọ̀ ní Àkúrẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àfi ibi tí ẹ̀rín ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.)

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin rewáyà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú wáyà o. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn tó ti Oǹdó wá, àti àwọn tó jí ní ìdájí láti Ọ̀wọ̀ àti Ìkárẹ́, ọ̀nà ò ní hu yín léwu. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn, ẹ má tòògbé. Ẹ̀yin gan-an ni iṣẹ́ yìí máa bọ́ sí lọ́wọ́.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bíréèkì oníná, èyí tó máa ń wà lára kárafáànù àti àwọn tírélà kékeré tí pickup ń fà. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá pe tírélà lónìí, kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni mo ń sọ. Nígbà kan, ohun tí pickup ń fà nígboro wa yìí kò ju jẹnẹrétọ̀ onítáyà lọ. Ẹ wá wo òde báyìí. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ti ní ilé ìdáná orí táyà. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ní èyí tí wọ́n fi ń gbé dókítà àti oògùn lọ sí abúlé. Àwọn ará wa tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ ń kó kárafáànù wọlé, ilé odindi, tòun ti bẹ́ẹ̀dì, tòun ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nǹkan ti yí padà. Ọwọ́ wa ńkọ́?

Kí ló ń dá a dúró?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Kí ló ń dá ọkọ̀ tí ẹ̀ ń wà dúró? Bíréèkì rẹ̀. Ó dáa. Kí ló wá ń dá ohun tó so mọ́ ọn lẹ́yìn dúró? (Ẹnì kan dáhùn láàárín èrò pé, "Ọlọ́run!") Ẹ gbọ́ ohun tó wí! Òótọ́ ni, Ọlọ́run ń gbìyànjú lórí wa. Àmọ́ Ọlọ́run yẹn náà ló fún wa ní òòfà àti wáyà.

Okùn la fi ń fa màlúù. Ẹ mú màlúù lókùn gun òkè, ẹ ó fà á débi tí ẹ̀ ń lọ. Ẹ wá kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí màlúù bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Kí ni okùn ọwọ́ yín fẹ́ ṣe? Ẹ̀yin lẹ máa sáré fún màlúù. Irin tó so kárafáànù mọ́ Hilux, okùn ni. Ó lè fà. Kò lè dá dúró.

Ìwé àwọn Hilux kan tó jáde láìpẹ́ yìí, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, sọ pé ọkọ̀ náà lè fa ohun tó wúwo tó kílò 3,500 bí ohun náà bá ní bíréèkì tirẹ̀. Bí kò bá ní ńkọ́? Kílò 750. Ẹ wo àlàfo àárín nọ́ńbà méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, irin ìfà kan náà ni. Bíréèkì ẹ̀yìn ló fi kílò 2,750 kún un.

Eré náà tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá kúrò lórí 50 bọ́ sórí 100 kìlómítà ní wákàtí, ẹ ti sọ eré di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe kí ó tó pa eré yẹn ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀yin ará Àkókó mọ òkè Ọ̀kà. Ẹ mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá. Ẹ rántí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tó já wọ ṣọ́ọ̀bù nítòsí yunifásítì ibẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, tó gbẹ̀mí àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá nìyẹn, kì í ṣe kárafáànù. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í béèrè irú ọkọ̀ kí ó tó gbé e.

Inú dírọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ súnmọ́ ibí. Bí ẹ bá ṣí dírọ́ọ̀mù tó ní bíréèkì oníná, ìkòkò irin tó ń bá táyà yí, ẹ máa rí ṣúù méjì tó ń tẹ̀ mọ́ ọn nínú láti dá a dúró, ẹ máa rí sípíríǹgì, ẹ máa rí irin oníràwọ̀ tí a fi ń ṣún ṣúù. Ẹ ò ní rí ọ̀nà ọ́ìlì bíréèkì kankan. Dípò rẹ̀, òòfà kan ló jókòó sí ìdí apá irin kan, wáyà méjì ló jáde lára rẹ̀.

Bí iná bá wọ òòfà yìí, ó máa lẹ̀ mọ́ ojú dírọ́ọ̀mù tó ń yí. Dírọ́ọ̀mù á fẹ́ gbé e lọ. Bó ṣe ń gbé e lọ ni òòfà ń fa apá irin dání, tí apá irin ń ti ṣúù jáde. Iná púpọ̀, ó gbá a mú. Iná díẹ̀, ó kàn fọwọ́ rà á. Òòfà kan nínú bíréèkì ínṣì 10 tàbí 12 máa ń jẹ nǹkan bí amp 3. Táyà méjì, amp 6. Táyà mẹ́rin, amp 12. Ẹ fi nọ́ńbà yìí pamọ́, mo ń bọ̀ wá gbà á.

Ohun kan tún wà tí kò hàn sójú kíákíá. Bíréèkì òsì kì í ṣe ti ọ̀tún. Ṣúù méjèèjì kò dọ́gba: èyí tí láìnì rẹ̀, ìyẹn ojú ṣúù tó ń họ dírọ́ọ̀mù, kúrú ló gbọ́dọ̀ kọjú síwájú. Bí ẹ bá ṣì í gbé, òòfà á ṣiṣẹ́, mítà á ka iná, kárafáànù kò sì ní dúró dáadáa. Ẹ ó máa dá wáyà lẹ́bi, wáyà ò sì ṣẹ̀.

Níbo ló ti wá?

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ béèrè ibi tí kárafáànù ti wá. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, bíréèkì oníná ló sábà máa ń ní. Èyí tó ti Ìlú Ọba wá, ó yàtọ̀. Níbẹ̀, bí ọkọ̀ bá dẹwọ́ eré, kárafáànù fúnra rẹ̀ ló máa ti ẹnu rẹ̀ síwájú, ẹnu yẹn á sì fa irin gbọọrọ kan tó lọ sí ìdí táyà. Kò sí òòfà, kò sí iná. Ẹ máa rí ọwọ́ bíréèkì àfọwọ́fà níwájú rẹ̀.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ èyí? Wáyà búlúù ni. Lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu méje ti Amẹ́ríkà, níbi tí wáyà kárafáànù ti ń so mọ́ ti ọkọ̀, búlúù ni wáyà bíréèkì. Lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu méje àtijọ́ ti Ìlú Ọba, búlúù ni wáyà iná kùrukùru ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ ṣiṣẹ́ láìmú mítà lọ́wọ́ máa fi bíréèkì tan iná.

Ìjà tí mo bá wa jà

Mo ti dé ibi tí mo fẹ́ dé. Inú máa bí àwọn kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Bí oníbàárà bá gbé kárafáànù wá, kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe? A máa wá wáyà búlúù, a máa wá wáyà iná bíréèkì ọkọ̀, iná pupa tó ń tàn lẹ́yìn bí a bá tẹ bíréèkì, a máa so wọ́n pọ̀, a máa fi tépù dì í. "Ọ̀gá, ó ti ṣe é. Ẹ tẹ bíréèkì." Wọ́n tẹ̀ ẹ́, òòfà kùn *ùùn*, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ gba owó.

Kí lẹ ṣe yẹn? Ẹ ti fún òòfà ní volt 12 tán pátá. Awakọ̀ fẹ́ rọra dẹwọ́ nítorí ewúrẹ́ kan, ó fi orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan bíréèkì. Níwájú, ọkọ̀ rọra dẹwọ́. Lẹ́yìn, táyà dì pa! Wáyà iná bíréèkì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án àti ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ rì. Ó máa ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá". Bíréèkì sì nílò "díẹ̀", ó nílò "díẹ̀ sí i".

Àwọn baba wa ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ọkọ̀ iwájú àti èyí tó ń tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ jọ dẹwọ́, kí wọ́n jọ dúró.

Ẹ dá amp 12 tí mo ní kí ẹ pamọ́ padà fún mi. Ṣé súwíìṣì iná bíréèkì tó ń tan gílóòbù méjì mẹ́ta ni ẹ fẹ́ kó amp 12 mìíràn lé lórí? Ará wa kan tó ti òkè òkun dé gbé kárafáànù onítáyà mẹ́rin lọ sí Ìdànrè. Ibì kan ni wọ́n ti bá a so búlúù mọ́ iná bíréèkì. Láti Àkúrẹ́ ni táyà ti ń fín èéfín ní gbogbo ìgbà tó bá fẹsẹ̀ kan bíréèkì. Nígbà tó yá, ó ní ara ọkọ̀ fúyẹ́ lójijì, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé bíréèkì ti mọ́ra. Fíúùsì ló ti jó! Kárafáànù ò ní bíréèkì mọ́, iná bíréèkì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ò tàn mọ́, ẹni tó ń tẹ̀ lé e ò mọ ìgbà tó ń dúró. Àwọn ọlọ́kadà ni wọ́n pariwo fún un kí wọ́n tó kó wọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ní ojú kan tó jẹ pẹrẹsẹ. Owó táyà mẹ́rin yẹn tó ra kọ̀ńtíróla, kí ṣéńjì tún kù.

Kọ̀ńtíróla, ohun tó ń wọn iná fún òòfà, ló yẹ kó wà láàárín wáyà iná bíréèkì ọkọ̀ àti wáyà búlúù. Inú ọkọ̀, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ni à ń so ó mọ́. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó rọjú ni èyí tó ń ka àkókò: bí ẹsẹ̀ bá kan bíréèkì, ó máa gbé iná lọ sókè díẹ̀díẹ̀ dé ibi tí ẹ yàn fún un, bóyá ẹ tẹ̀ ẹ́ rọra tàbí ẹ tẹ̀ ẹ́ líle. Èkejì ní ohun kan nínú tó ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dẹwọ́ eré sí. Bí ọkọ̀ bá dẹwọ́ díẹ̀, ó fún òòfà ní iná díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró gbì, ó fún un ní iná púpọ̀. Èyí ni kí ẹ rà. Fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tiwa yìí, mi ò rí ìdí tí ènìyàn fi máa ra èkíní. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e ní ìdúró tí ìwé rẹ̀ sọ, kí ojú rẹ̀ bá ojú ọ̀nà mu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí ẹ bá gbé e ní wíwọ́, wíwọ́ náà ló máa ka eré.

Wáyà mẹ́rin ló ní. Dúdú lọ tààrà sí orí bátìrì tó ní àmì +, ẹ fi ohun ìdáàbòbò amp 20 sí i bí bíréèkì kò bá ju mẹ́rin lọ. Funfun lọ sí orí odi bátìrì, èyí tó ní àmì −, ẹ má kàn fi nọ́ọ̀tì kàn án mọ́ bọ́dì. Pupa ló ń gbọ́ ìròyìn ẹsẹ̀: ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá tẹ bíréèkì nìkan ni iná máa ń dé ibẹ̀. Búlúù ló ń lọ sẹ́yìn, sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn pickup Tundra àti F-150 tí wọ́n ti ṣètò ìfà ẹrù sí láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń ní púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ wá a kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò. Hilux tiwa níbí, ẹ̀yin lẹ máa fa gbogbo wáyà yẹn fúnra yín.

Wáyà wo? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti iwájú ọkọ̀ dé ìdí táyà kárafáànù, ká ní mítà 10. Iná máa lọ, iná máa bọ̀: mítà 20. Bí ẹ bá fi wáyà 1mm fa òòfà mẹ́rin, nǹkan bí volt 3 ló máa ṣòfò sínú wáyà kó tó dé ibi iṣẹ́. Ẹ fi 4mm oníbàbà gidi ṣe é, òfò náà kò ní tó volt 1. Mo ní bàbà gidi. Èyí tí wọ́n ń tà tí inú rẹ̀ funfun bí páànù yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ́ẹ̀tì, ẹ́ẹ̀tì, ẹ́ẹ̀tì

Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ọkọ̀ ìwòsàn orí táyà. Ẹ̀sùn wọn ni pé lọ́sàn-án, bíréèkì dára. Lálẹ́, bíréèkì kò sí. Àwọn kan ti ní kí wọ́n gbàdúrà sí i. Mo ní kí wọ́n tan iná ẹ̀yìn, kí wọ́n tẹ bíréèkì. Iná ẹ̀yìn rọ, iná trafficator òsì sì ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò tẹ trafficator. Ó tán. Wáyà funfun ti já nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù tí tírélà gùn lé lórí ni iná ń gbà padà sílé, bọ́ọ̀lù tó kún fún gírísì àti ìpata! Lọ́sàn-án, bíréèkì nìkan ló ń jìjàdù ọ̀nà yẹn. Lálẹ́, gbogbo iná dara pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà kò gbà wọ́n.

Bọ́ọ̀lù kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì. Ẹ fa wáyà funfun tó nípọn láti orí bátìrì ọkọ̀ lọ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, láti ibẹ̀ lọ bá òòfà kọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe ń tò ó

Wáyà ti pé. Ṣé iṣẹ́ ti tán? Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìdí táyà la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bíréèkì oníná kì í ṣún ara rẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ yí táyà bó ṣe ń yí nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú, ẹ máa yí irin oníràwọ̀ títí táyà kò fi ní lè yí mọ́. Kí ẹ wá dá a padà, eyín kan lẹ́yìn eyín kan, títí táyà á fi máa yí, tí ẹ ó ṣì máa gbọ́ bí ṣúù ṣe ń họ ara dírọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo táyà gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 300 àkọ́kọ́, ẹ tún un wò. Bí ẹ bá rí gírísì lórí láìnì, ẹ má nù ún kí ẹ tún gbé e padà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá di ẹrù sínú rẹ̀ bí yóò ṣe rí lójú ọ̀nà. Kárafáànù òfìfo kọ́ la fi ń tò ó. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, tó gbẹ, tí ọkọ̀ ò pọ̀, ní òwúrọ̀ kùtù, níbi tí ẹ ò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí ọmọ iṣẹ́ kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì kó máa wo táyà. Ẹ sáré dé nǹkan bí 40 kìlómítà ní wákàtí. Ẹ má fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì. Ara kọ̀ńtíróla, bọ́tìnnì àfọwọ́tì kan wà tó ń fún kárafáànù nìkan ní bíréèkì. Ẹ tì í dé òpin.

Kí lẹ gbọ́? Bí ọmọ iṣẹ́ bá pariwo pé táyà ń wọ́, iná ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù lórí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ *gain* sí. Bí ẹ bá kàn rí i bíi pé ẹnì kan rọra di ẹ̀wù yín mú lẹ́yìn, kò tíì tó, ẹ fi kún un. Ẹ tún lọ, ẹ tún bọ̀. Ibi tí ẹ̀ ń wá ni ibi tó kù díẹ̀ kí táyà dì. Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà lórí ẹpọ̀n. (Ẹ̀rín.) Ẹni tó bá lọ́ bọ́tìnnì yẹn dé òpin nítorí pé "ó máa dúró dáadáa" máa pa kòkòrò, yóò sì ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Nọ́ńbà tí ẹ bá rí, nọ́ńbà ọjọ́ náà ni. Bí ẹ bá já ẹrù sílẹ̀, ẹ dín in kù. Bí òjò bá rọ̀, ẹ dín in kù. Bí ṣúù bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀ ìdẹwọ́ ráńpẹ́ fọ̀ ọ́ lójú, kí ẹ máa jẹ́ kó tutù láàárín, kí ẹ tó gba nọ́ńbà náà gbọ́. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà, gíà kékeré ni kí ẹ bọ́ sí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Dírọ́ọ̀mù tó bá gbóná jù, kò sí nọ́ńbà tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ìrù tó ń jù

Màmá kan tó ń ta oúnjẹ ní Alágbàká ní tírélà rẹ̀ máa ń ju ìrù bó bá ti kọjá 70. Wọ́n ti pààrọ̀ táyà, wọ́n ti pààrọ̀ bíárìnì. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn: fírísà wà níbẹ̀, sìlíńdà gáàsì méjì wà níbẹ̀, dírọ́ọ̀mù omi wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní ìparí pátápátá! Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé fírísà wá sí iwájú táyà." Wọ́n ní fèrèsé tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ń kọ́? Mo ní bí a bá dé ọjà, ẹ gbé e padà.

Láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà ló yẹ kó jókòó lórí bọ́ọ̀lù. Tírélà kílò 2,000, kílò 200 sí 300. Bí ó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ níwájú, ìrù máa jù. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má tẹ bíréèkì ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́ọ̀tù, ẹ di síárìnì mú gírígírí, ẹ fi ọwọ́ kan ti bọ́tìnnì àfọwọ́tì yẹn. Kárafáànù máa fà sẹ́yìn, yóò sì tọ́. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ńtíróla fi gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ awakọ̀ lè dé láìwò ó.

Bó bá já ńkọ́?

Èyí ló kù. Lórí ẹnu kárafáànù ti Amẹ́ríkà, súwíìṣì kékeré kan wà tó ní pínnì, okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára pínnì náà. Bátìrì kékeré kan tún wà lórí kárafáànù. Bí kárafáànù bá já, okùn á yọ pínnì, bátìrì á fún òòfà ní gbogbo iná tó ní, kárafáànù á dúró fúnra rẹ̀.

Mo ti rí i tí wọ́n so okùn yẹn mọ́ ṣéènì ààbò. Mo ti rí i tí wọ́n wé e mọ́ ọrùn bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá yọ, ṣé ohun tí ẹ so mọ́ ọn kò ní bá a lọ ni? Lára ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ so ó mọ́, níbi tí kò kan ṣéènì, tí kò kan bọ́ọ̀lù. Kí ó gùn tó pé kárafáànù lè yí kọ́nà láìyọ ọ́, kí ó má gùn débi pé á máa wọ́ nílẹ̀. Ṣéènì méjèèjì, ẹ gbé wọn kọjá lórí ara wọn lábẹ́ ẹnu kárafáànù. Bátìrì kékeré yẹn náà, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú láti òkè òkun kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀ ojú omi.

Bí a ṣe ń dán an wò kò le. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ọkọ̀, ẹ fa pínnì, kí awakọ̀ gbìyànjú àtirọra fa kárafáànù lọ. Táyà gbọ́dọ̀ di mú. Kí ẹ wá tètè dá pínnì padà, kí bátìrì má baà tán, kí òòfà má sì gbóná. A ní ọ̀kan níta lábẹ́ igi yẹn. Rewáyà márùn-ún àkọ́kọ́ tó mú mítà wá, ẹ máa bọ̀. Ẹnì kan á fa pínnì, ẹnì kan á ka amp lórí wáyà búlúù, bí nọ́ńbà náà kò bá sì súnmọ́ 12, kò sẹ́ni tó ń lọ jẹun títí a ó fi mọ òòfà wo ló ti kú.